Balùwẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Kò Wọ̀

Mo kàn ní kí n yà wo bí balùwẹ̀ tuntun ṣe ń bá Ìyá Àgbà lára mu ni. Àfi bí mo ṣe yọ sẹ́yìnkùlé tí mo bá wọn nílẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì àtijọ́ tó ti ń yọ̀, ọṣẹ lára, wọn ò lè dìde. Mo lọgun. Mo sáré yọjú sínú balùwẹ̀ tí mo fi gbogbo ọgbọ́n orí mi kọ́ fún wọn. Ilẹ̀ gbẹ táútáú. Wọn ò wẹ̀ níbẹ̀ rí!

Balùwẹ̀ àwọn arúgbó ni iṣẹ́ mi. Ní Àjàṣẹ́ níbí, níbi tí a ti ń pe balùwẹ̀ ní dúṣì, Màmá Dúṣì ni wọ́n ń pè mí. N kì í lo kàró, àwo ilẹ̀ dídán tí gbogbo ayé ń fẹ́ lónìí, nítorí òun àti omi ọṣẹ ti gbé ọ̀pọ̀ àgbà ṣánlẹ̀ lójú mi. Òkúta wẹ́wẹ́ inú odò ni mo máa ń tẹ́, ó máa ń di ẹsẹ̀ mú. Igi apá ni mo fi ń ṣe àga ìwẹ̀ àti ọ̀pá ìdìmú ara ògiri, torí igi kì í ta ọwọ́ arúgbó jí bí irin tútù. Ìkòkò amọ̀ ni ti omi, mo sì máa ń gbé e sókè kí ẹnikẹ́ni má baà bẹ̀rẹ̀.

Bíọ̀dún, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Kútọnu ló dàgbà sí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Ó fẹ́ kí ó ya Ìyá Àgbà lẹ́nu, ló bá ní kí wọ́n lọ kí àbúrò wọn ní Sèmè.

“Táńtì, yàrá tó kángun sí tiwọn ṣófo. Ẹ jẹ́ ká ṣe é síbẹ̀.”

Afẹ́fẹ́ ń wọ yàrá náà dáadáa, inú mi dùn sí i. Nígbà tí Ìyá Àgbà dé, wọ́n fọwọ́ pa àga náà, wọ́n gbàdúrà fún wa títí. Ta ni ìbá fura?

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú yìí, mo gbé wọn dìde; egungun kankan kò ṣẹ́, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí ń dùn wọ́n. Mo pe Bíọ̀dún, ó dé lọ́sàn-án. Inú ń bí mi, kí n má purọ́.

“Ìyá Àgbà, kí ló burú nínú iṣẹ́ mi?”

“Kò sí, ọmọ mi. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé kí n máa da ìdọ̀tí ara mi sórí bàbá yín ni?”

Àṣé inú yàrá náà ni wọ́n sin ọkọ wọn sí kí wọ́n tó bí Bíọ̀dún, bí a ti ń sin àgbà sínú ilé níbí. Wọ́n tẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, wọn ò fi àmì kankan sí i. Mo wá la ojú omi ìdọ̀tí gba orí olórí ilé!

“Pádọ́ọ̀n, Ìyá Àgbà,” Bíọ̀dún ń sunkún. “Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?”

“Ọmọ fún mi lẹ́bùn, kí n ní n ò gbà?”

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi wo ògiri, mo wo fèrèsé, n ò wo ilé.

A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá, a hú gbogbo òkúta náà. Mo ní ká gbé e sí igun kejì yàrá, tó jìnnà sí ibojì. Mo ti na mẹ́tà tí mo fi ń wọn ilẹ̀ kí Ìyá Àgbà tó mi orí.

“Rárá o. Ibẹ̀ ni ibojì tèmi.”

Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń tọ́ka sí àga rẹ̀. Mo ká mẹ́tà mi jẹ́ẹ́. Bíọ̀dún kọjú sí ògiri.

Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, níbi tí àwọn fúnra wọn nawọ́ sí, la kọ́ ọ sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀, mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ omi, mò ń gbọ́ orin. Wọ́n jáde, ara ń dán.

“Ọmọ mi, tí ọjọ́ mi bá pé, inú ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti wẹ̀ mí. Ẹ má gbé mi lọ síbòmíì.”

Àwọn èèyàn ti ń yìn mí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹnìkan ò yìn mí báyẹn rí.

“Ẹ máa pẹ́ láyé, Ìyá Àgbà,” ni mo rí sọ. Mo sì bá wọn ró ìró wọn.