Orúnkún Kóòṣì

Orúnkún ọ̀tún ló lé mi kúrò lórí pápá. Mo fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù, mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, orúnkún ní òun ò bá mi débẹ̀. Dókítà ní kí n má sáré mọ́, kí n má fò mọ́, kí n má sì kúnlẹ̀ mọ́. Ti eré sísá àti fífò dùn mí débi pé mo sunkún. Ti ìkúnlẹ̀, mi ò kà á sí nǹkan kan. Mi ò tíì dé Lágelú nígbà náà ni.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan lọ́hùn-ún ló ní kí n wá máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin àwọn ní básíkẹ́tì. Ọ̀gá àgbà ibẹ̀, alàgbà ìjọ Aládùúrà tí kì í fi àdúrà ṣeré, ní kí n fi sáà kan dán an wò ná. Bí mo bá lè borí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Akínyẹlé, tó ti ń lù wọ́n bí ẹni lu bàrà, wọn á gbà mí síṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Olódò ń dúró dè mí, kí n máa bá wọn ta ike àti abọ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè jókòó sídìí ike yẹn, èmi àti básíkẹ́tì ti parí nìyẹn.

Ara àwọn àgbà abúlé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà kò gbà mí. Bí mo bá ń kí wọn, dípò kí n kúnlẹ̀ bí obìnrin, mo máa ń tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ he nǹkan tó sì yí ọkàn padà. "Ará ìgboro ni," ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi, "gíga ti kó sí i lórí." Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ máa ṣí orúnkún hàn?

Nínú àwọn ọmọ tí mo bá níbẹ̀, ìyàwó ilé kan wà tó padà sílé ìwé lẹ́yìn tó ti lọ́kọ. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn, kò sì sí ẹni tó lè gbé bọ́ọ̀lù kọjá níwájú rẹ̀. Bó bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ, o ò ní tètè mọ̀. Orí rẹ̀ ni mo gbé gbogbo ètò mi kà.

Ọjọ́ ìdíje pé, Akínyẹlé wọlé. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ṣáájú wọn, tó ń ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀ bí ẹni tó ni pápá. Bí ìyàwó wa ṣe rí i, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ láàárín pápá.

"Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ káàsán o. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Mo rò pé ó ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìyàwó rí mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹni tó bá ti wà nílé kó o tó dé, ọkọ rẹ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. O ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ gan-an, àfi kó o wá orúkọ ẹ̀yẹ fún un.

Eré bẹ̀rẹ̀. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, ìyàwó wa yà fún un. Ó tún gbé e bọ̀, ó tún yà. "Já a gbà!" ni mo ń ké. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó gbá ìyá ọkọ rẹ̀ létí. Nígbà tó yá, bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ìyàwó wa sáré he é, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí. Ọwọ́ mi ń yún mi. Láyé ìgbà tí mo ń gbá a, èmi fúnra mi ni ǹ bá já a gbà.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà ìsinmi.

"Kóòṣì, ẹ dákun, ẹ bá mi rò ó," ló wí. "Eré yìí máa parí lónìí. Ilé kan náà lèmi àtàwọn jọ ń padà sí. Ìyá ọkọ mi ló sì jókòó sọ́hùn-ún yẹn."

Lóòótọ́, màmá náà ti pa ìsọ̀ àlùbọ́sà wọn ní Ṣáṣá tì, wọ́n wá wòran. Ni mo bá kọjá lọ sọ́dọ̀ wọn. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rántí ike, mo rántí abọ́, mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Nǹkan kan dún nínú tọ̀tún, omi sì bọ́ lójú mi.

"Màmá, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìyàwó yín fún mi. Ẹ̀rù ń bà á láti já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọmọ yín."

Màmá wo omijé mi, wọ́n ṣe bí ìrẹ̀lẹ̀ ló fà á. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró.

"Ìyàwó mi! Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jàre! Látìgbà tó o ti wọlé, ṣé ó bá ọ fọ abọ́ kan rí?"

"Ha, Màámi!" ni Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ké.

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Mo ní kó o gbà á!"

Rẹfirí fọn fèrè. Mo fẹ́ dìde, orúnkún ní rárá. Mo tún gbìyànjú, ó kọ̀ jálẹ̀. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn tí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìyá alálùbọ́sà, tí mo ń fi ọwọ́ júwe fáwọn ọmọ mi. Ìyàwó wa já bọ́ọ̀lù gbà: "Ẹ má bínú, Opẹ́lẹ́ńgẹ́." Ó tún já a gbà: "Ẹ forí jì mí o." Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀ náà ló ń já a gbà, táwọn yòókù sì ń jù ú sáwọ̀n. Nígbà tí fèrè ìkẹyìn dún, a ti fi ayò kan ṣoṣo borí wọn. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sunkún, ìyàwó wa ń bẹ̀ ẹ́, màmá sì ń sọ fún un pé abọ́ ń dúró dè é nílé.

Ọ̀gá àgbà wá bá mi níbi tí mo wà. Ojú wọn ti pọ́n.

"Kóòṣì, mo ti ń wò yín. Gbogbo wa jókòó, à ń pariwo. Ẹ̀yin nìkan lẹ kúnlẹ̀ títí Olúwa fi dáhùn. Irú yín là ń wá. Iṣẹ́ ti di tiyín."

"Àmín, sà," ni mo wí. "Ẹ dákun, sà, ẹ fún mi lọ́wọ́."

Wọ́n na ọwọ́ náà, wọ́n gbé e lé mi lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ sì mọ bí àdúrà Aládùúrà ṣe ń gùn tó. Orúnkún ń ta mí, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń ṣe àmín kíkan kíkan. Mi ò ní ta ike.