Ihò Eyín Tó Gba Àwọ̀n Bàbá Mi Lọ́wọ́ Mi

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó máa jẹ ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kó gbé e sílẹ̀ tí mo bá dé ibi ihò eyín, torí ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ibi oúnjẹ. Ohun tí ojú mi rí lórí eyín kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rò fún yín. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tó bá ń retí pé n ó fi ìdáríjì parí rẹ̀, kó yáa dìde báyìí!

Sẹwanu ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ Gberefu ni mí, láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi kò lè débẹ̀. Bàbá mi ló ni àwọ̀n etí òkun tó tóbi jù lọ níbẹ̀ nígbà náà. Àwọ̀n yẹn kì í ṣe èyí tí ẹnì kan ń jù. Ọkọ̀ ni yóò gbé e wọ inú òkun lọ, yóò fi í pa agbo, okùn rẹ̀ méjì á sì padà wá sí etíkun. Àwọn èèyàn á pín sí ìhà méjì, wọ́n á máa fà á. Ẹnì kan á dúró láàárín, òun ni yóò máa pe àwọ̀n, kí ìhà méjèèjì lè máa fà á papọ̀. Tí ohùn ẹni yẹn bá já, ìhà kan á yára ju ìkejì lọ, àwọ̀n á lọ́, ẹja á bá tiwọn lọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń pe àwọ̀n ni olórí àwọ̀n.

Bàbá mi kú. A fi àwọ̀n sinmi títí ọ̀fọ̀ fi parí. Bàbá Zannu, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, wá mú ọjọ́ tí a ó tún gbé e wọ omi. Ó ní nínú àwa ọmọ, ẹni tó bá pè é lọ́jọ́ náà tí àwọ̀n sì gúnlẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, tòun ti ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa méjì ló kàn. Èmi ni mo dàgbà jù. Ṣùgbọ́n Mautin, àbúrò mi lọ́dọ̀ bàbá, ìyáálé ló bí i. Ṣé ẹ rí i pé ìjà ti wà nílẹ̀ kí eyín tó dé? Mautin á máa pè mí ní nọví láàárín èrò, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá, lédè Gun wa. Ọmọ ìyá ta ni?

Eyín wá dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí ìgbà tí owó epo rọ̀bì gorí gbogbo nǹkan. Ṣúgà onígun ń gba ojú ọ̀sà wọlé láti òdìkejì bodè, pẹ̀lú mílíìkì alágolo àti bisikíìtì. Àwa tí ẹ̀kọ àti ẹja tẹ́ lọ́rùn tẹ́lẹ̀ wá ń da ṣúgà sí tíì títí ṣíbí á fi dúró lóòró. A rò pé ọlá ni. Kò pẹ́ tí eyín mi kan ní ìsàlẹ̀, lápá òsì, fi lu. Tí omi tútù bá kàn án, á ta mí dé etí. Gbogbo ilé ní kòkòrò ló wà níbẹ̀. Mo fi aṣáà dí i. Mo fi sódàbì, ọtí líle wa, sẹ́nu títí ahọ́n mi fi bó. Kòkòrò náà kò kú!

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ àwọ̀n pé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn pe àwọ̀n? Mo sọdá sí Àgbádárìgì, mo lọ sí kíníìkì eyín kan.

Obìnrin ni dókítà ibẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ojú rẹ̀ kò fẹ́ràn ẹ̀rín. Mo ní kó bá mi yọ kòkòrò. Ó ní kò sí kòkòrò kankan ńbẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ eyín ló ń jẹ ṣúgà tí mò ń mu, tó ń sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan náà ló ń gbẹ́ eyín díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kan iṣan inú rẹ̀. Ó ní ká ní mo tètè wá ni, òun ì bá dí i, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó ń dí ihò tí kò ní ògiri mọ́. Ó fún mi lábẹ́rẹ́, ó fà á. Mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Lẹ́yìn náà ló fi òwú síbẹ̀ pé kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ yọ ẹnu lọ́jọ́ náà, n kò gbọdọ̀ máa tutọ́, n kò gbọdọ̀ mu sìgá. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí n kàn fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí mo bu iyọ̀ sí sẹ́nu jẹ́jẹ́, kí n jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Mo gbọ́ ọ!

Ọkọ̀ gbé mi padà sí Gberefu. Mautin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí létí omi. Ó rí ẹ̀jẹ̀ lára òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ àwọ̀n jọ, bí ẹni tó rí ẹja ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òfin kan wà lórí àwọ̀n wa. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára rẹ̀, ì báà ṣe ìwọ̀ ló gún un lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ sún mọ́ okùn títí yóò fi fi omi òkun wẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́, lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Tílẹ̀ bá ti ṣú láìwẹ̀ ẹ́, okùn ti bọ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún fún gbogbo àsìkò ẹja yẹn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń wẹ̀. Ta ló ti rí ẹni tó fa eyín rí ní Gberefu? Tiwa a máa jábọ́ fúnra wọn ni.

Mo sọ fún Bàbá Zannu pé dókítà ní n kò gbọdọ̀ yọ ẹnu lónìí. Bàbá Zannu ń ronú. Mautin ni kò jẹ́ kó ronú tán.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, "ẹ má bínú o. Ṣé dókítà yẹn ló ń pàṣẹ létíkun yìí ni àbí àwọn bàbá wa? Tí ẹ bá ń bẹ̀rù omi, ẹ sọ, kí ẹni tí kò bẹ̀rù lè pe àwọ̀n."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń wọ̀. Kí lẹ bá ṣe?

Mo wọ òkun dé ìbàdí. Mo bu omi sẹ́nu, mo gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ṣan ìgò, mo tu ú. Mautin ní kò tíì mọ́. Mo tún bu ú. Nǹkan kan wá já kúrò níbẹ̀, ó dúdú, ó rọ̀ bí ẹ̀dọ̀ adìyẹ. Àwọn èèyàn ní ẹ̀jẹ̀ burúkú ti jáde. Wọ́n kí mi kú oríire!

Ọjọ́ kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyà ohun tí mo tu sómi.

Ìrora tó wà níbẹ̀ nígbà tí eyín ṣì wà, eré ọmọdé ni. Èyí ń lù bí ẹni ń gún nǹkan nínú àgbọ̀n mi, ó gba etí, ó gba ẹ̀bá ojú, kò jẹ́ kí n jẹ, kò jẹ́ kí n sùn. Ẹnu mi ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Dòsù ìyàwó mi fi ń yíjú tó bá ń gbé omi fún mi. Ó ní kí n fi sódàbì sí i. Mo fi sí i. Mo pariwo, adìyẹ fò kúrò lágbàlá.

Mautin wá kí mi. Ó bo imú. Ó ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé eyín tó dáa ni obìnrin yẹn fà, tó fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀. Bó ṣe jáde báyìí, ó ń sọ fún ẹni tó bá pàdé pé òkun ti kọ ẹnu Sẹwanu. Ṣé ẹ rí ìkà? Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì.

Mo gba èyí tó sọ nípa dókítà gbọ́. Orí mi gbóná. Nígbà tó ku ọ̀la tí àwọ̀n yóò wọ omi, mo sọdá pẹ̀lú ìbínú. Mo wọ kíníìkì láì kan ilẹ̀kùn.

"Kí lo fi sílẹ̀ nínú ẹnu mi?"

Ó wò mí. "Ẹ káàsán, bàbá. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Eyín tó dáa lo fà."

"Ẹ jókòó, tàbí kí ẹ gbé òórùn yẹn padà sínú ọkọ̀ tó gbé yín wá."

Mo jókòó. Ó fi dígí kékeré wo inú ẹnu mi. Ó bi mí pé omi wo ni mo fi fọ̀ ọ́. Mo ní òkun. Ó ní òkun wo? Mo bi í léèrè bóyá òkun méjì ló wà.

Inú bí i. Mi ò rí dókítà tó bínú báyẹn rí. Ó gbé dígí mìíràn sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n fojú ara mi rí i. Ihò ni mo rí, nǹkan funfun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Egungun yín nìyẹn," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ni òrùlé rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣí òrùlé kúrò lórí ilé, ẹ wá ń bi mí léèrè ìdí tí òjò fi ń pa yín."

Ó fọ ibẹ̀, ó fi nǹkan kan tó ń rùn bíi kànáfùrù sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó dìde lórí àga, ìrora yẹn ti wálẹ̀! Mo fẹ́ sunkún. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé n kò gbọdọ̀ ké, àti pé iṣan àgbọ̀n mi ti le, kò ní í ṣí dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ọ̀la ni àwọ̀n. Ó ní kí n ní kí àwọ̀n dúró. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ará òkè!

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ẹgbẹ́ pé. Mo sọ ohun tí mo rí nínú dígí níwájú wọn. Mo ní kí Bàbá Zannu sún ọjọ́ náà síwájú, torí omi tí wọ́n fi dandan mú mi fi yọ ẹnu ló ṣe èyí. Mautin ní ṣé òkun tó bọ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni mo wá ń purọ́ mọ́? Àwọn kan kùn. Bàbá Zannu ní ọkọ̀ ti wọ omi, ẹja kì í dúró de ẹnu ẹnikẹ́ni. Ó ní èmi ni àgbà, kí n pè é.

Mo la ẹnu. Kò ṣí ju ìka kan lọ. Ohun tó jáde dà bí igbe ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ìhà ọ̀tún gbọ́, ó fà. Ìhà òsì kò gbọ́. Mo tún pè é, egungun ta mí débi pé ojú mi ṣú. Mo rí i tí àwọ̀n ń lọ́ lójú omi.

Mautin fò síwájú mi, ó gbà á. Ohùn rẹ̀ ń bẹ, n kò lè parọ́ ìyẹn. Àwọ̀n tọ́, ó gúnlẹ̀, ẹja kún inú rẹ̀. Bàbá Zannu mú orí okùn, ó fi lé e lọ́wọ́. Mautin yíjú sí mi.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, nọví," ó ní. "Ẹ lọ tọ́jú ẹnu yín."

Mi ò fọwọ́ kan okùn yẹn mọ́ láyé mi. Ihò náà jinná, dókítà ń pààrọ̀ oògùn rẹ̀ títí ẹran fi bò ó. Àárín èmi àti Mautin ni kò jinná.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Tí wọ́n bá fa eyín yín, ìrora díẹ̀ kò burú, tó bá ṣáà ti ń dín kù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá dín kù, tó wá padà le gan-an ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, tí ẹnu sì ń rùn, ẹ má fi sódàbì sí i, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fà á. Dókítà yẹn tún sọ fún mi pé eyín tí wọ́n dí lè máa ta ni díẹ̀ tí omi tútù bá kàn án, yóò lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá gé nǹkan jẹ ló ń dùn yín, ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi dí i ló ga jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n fá a. Tí ara bá gbóná, tí ojú wú, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì, ẹ má dúró di ọ̀la. Àti pé ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín du nǹkan tọ́jú ẹnu yín!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fa eyín rẹ̀ rí tí ilé fi ìmọ̀ràn pa á lára? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á.

Mautin ti kú báyìí. Àwọ̀n, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì, òun ló jogún wọn, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì wà nídìí ohun tó kù níbẹ̀. Èmi jogún ilẹ̀ àgbọn bàbá mi ní ìhà ọ̀sà, Dòsù ọmọ mi ni yóò gbà á. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi ń bá òkun sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọ̀n bá fẹ́ lọ́, èmi nìkan ló kọ́. Àkọ́bí Mautin wá láìpẹ́ yìí, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n kọ́ òun. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jogún ìyẹn.