Ohùn Ẹ́ńjìnnì ní Ọ̀nà Ìdó

Orúkọ mi ni Juliana Àṣàkẹ́ Adéníran. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mí, ọmọ Joshua Àlàmú, ọmọ Adéníran alágbẹ̀dẹ, láti Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Sùúrùlérè ni wọ́n ti tọ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé títí di òní. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lè mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ ni mo fẹ́ pa.

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sínú mọ́tò, bàbá mi ra ọkọ̀ àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, tí ìjókòó rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni nítan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òórùn inú rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi: awọ gbígbóná, epo bẹntiróòlù, àti àgbálùmọ̀ tí ẹnì kan nínú wa jẹ, tí ó sì ti kóró rẹ̀ bọ abẹ́ tìmùtìmù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, iṣẹ́ tèmi ni láti fi omi ọṣẹ fọ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò gbọdọ̀ dé ìdí súwè tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti fi èédú yà sílẹ̀ títí irin àárín táyà yóò fi máa dán.

Ohun tí ń fi ìwọ̀n epo hàn nínú ọkọ̀ náà ti kú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Bàbá máa ń tì bọ ẹnu ihò epo. Yóò fà á yọ, yóò wo ibi tí ó tutù dé. Pàṣán yìí kan náà ni ó fi ń nà wá. Bí ọmọ kan bá jẹ ẹgba nílé wa, kò sí bí ó ṣe lè fi pamọ́, nítorí òórùn bẹntiróòlù yóò máa tẹ̀ lé e kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Olùdarí akọrin ni Bàbá ní ìjọ wa ní Yábàá. Kò sí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ tí kò ní fi dò-rè-mí wọ̀n. Ó máa ń ráhùn pé ewúrẹ́ ìyá onílé wa kì í ké dé ojú ohùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe ń wa mọ́tò. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ láti dò, ohùn rẹ̀ yóò máa gòkè bí eré ti ń pọ̀ sí i. Bí ó bá ti kan mí, Bàbá yóò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, yóò yí jíà sókè, ohùn yóò sì wálẹ̀ padà sí dò. "Mí ti tó," ni ó máa ń wí. "Èyí tó bá kọjá mí, epo ni à ń fi kọ ọ́." Ṣùgbọ́n kì í yí i ṣáájú àkókò pẹ̀lú. Bí jíà bá ga tí eré kò tíì tó, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n bí àgbàlagbà tí a di ẹrù lé lórí nígbà tí kò tíì dìde tán. Ìyẹn náà ń jẹ epo, ó sì ń pa ẹ́ńjìnnì lára. Bí ó bá ń gun òkè, tàbí tí ó fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni ó máa ń jẹ́ kí ohùn gòkè dé só.

Kí ó lè gbọ́ ohùn yìí dáadáa, a kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Mo ti rìn láti Ojúẹlẹ́gba rí, nítorí pé mo béèrè bóyá mọ́ínmọ́ín kù sílé.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá tí ń jẹ́ Lájídé, kò gba ẹ̀kọ́ yìí. Ọkọ̀ akópákó ni òun ń wà. A máa fa jíà kejì títí igbe rẹ̀ yóò fi jí ọmọ tí ń sùn. Ó ní òkè ohùn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń gbé. Òótọ́ ni ó sọ, nítorí òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí a bá jọ ń lọ. Òun náà ni ó sì máa ń gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá sí ẹnu ọ̀nà wa pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ jíà di ọ̀rọ̀ ńlá nílé wa ni ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Olú, ń lọ sí Kàdúná. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ti gbà á síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá dé ní ọjọ́ ìwọlé, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kan ṣoṣo tí ó lè gbé e dé ibẹ̀ lásìkò yóò kúrò ní Ìdó ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Gbogbo ilé sì mọ̀ pé Bàbá kò fẹ́ kí ó lọ. Bùọ̀dá Olú ni ó ń tẹ dùùrù fún àwọn akọrin, Bàbá sì ti sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé òun ti rí ẹni tí yóò jókòó sí àyè òun. Kò sọ pé kí ó má lọ. Kò kàn sọ ohunkóhun ni.

Nílé wa, a kì í rin ìrìn àjò láìgba ìwúre lẹ́nu Ìyá Àgbà, ìyá tí ó bí Bàbá, a kì í sì í já ìwúre náà gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Bùọ̀dá Olú dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti orí Adéníran alágbẹ̀dẹ. Ó kì í, ó ki bàbá tí ó bí i, ó ki ẹni tí ó kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá Kékeré, tí yóò bá wa dé Ìdó, ń na ọrùn wo aago ara ògiri. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ìyókù ránṣẹ́ sí i ní Kàdúná!"

Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ìwọ Lájídé, nítorí pé o kì í dúró gba ìwúre ni táyà rẹ ṣe ń bẹ́ lójoojúmọ́." Ó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Adéníran alágbẹ̀dẹ.

Nígbà tí a fi jáde, a ti pẹ́. Bàbá ti pàṣán bọ ihò epo. Ṣóńṣó pàṣán náà nìkan ni ó tutù. Ilé epo kò sì ṣí ní ọjọ́ Àìkú. Ohun tí ó wà níwájú wa nìyẹn: eré ni àkókò ń fẹ́, pẹ̀lẹ́ ni epo ń fẹ́.

Bàbá Kékeré jókòó níwájú. Èmi àti Bùọ̀dá Olú wà lẹ́yìn, àpótí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá tú ọkọ̀ sílẹ̀ ní jíà kìíní, ó kan mí, ó yí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fà á! Ẹ jẹ́ kó ké! Ọmọ tí kò bá ké, ta ní ń fún un lọ́mú?"

"Ọmọ tó bá ké jù, ọmú ìyá rẹ̀ á gbẹ," Bàbá dá a lóhùn, ó sì yí jíà kẹta lórí mí.

"A ó pẹ́ o! Rélùwéè kì í dúró de akọrin!"

"Lájídé, ṣé o fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni?"

Bàbá Kékeré dákẹ́. A kọjá Yábàá lórí mí. A wọ Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta lórí mí. Àwọn tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń juwọ́ sí wa bí ẹni pé a ń gbafẹ́. Bùọ̀dá Olú kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ń ki ìka bọ ihò kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀, ó ń yọ ọ́.

Nígbà tí a já sí títì tí ó lọ tààrà sí Ìdó, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e fún Bàbá Kékeré dì mú. Ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó dá jíà padà láti ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹta, ó sì tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohùn kọjá mí. Ó kọjá só. Ó dé dò ti òkè, kò sì dúró níbẹ̀. N kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí lára ọkọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí i kí ó sáré bẹ́ẹ̀ rí.

"Hẹ̀ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi nìyí o!" ni Bàbá Kékeré ń pariwo. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó sọ̀kalẹ̀.

Àgbàlá ìdíkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti wúkọ́, tí ó sì kú. Bàbá fi jíà sí fíríì, eré tí ó kù lára ọkọ̀ sì gbé wa dé ẹnu ọ̀nà. Bùọ̀dá Olú àti Bàbá Kékeré fò sílẹ̀, wọ́n gbé àpótí, wọ́n sáré. Ojú fèrèsé ni a ti àpótí náà gbà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn. Bàbá kò kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Òun àti ọmọ rẹ̀ kò sì kí ara wọn pé ó dàbọ̀.

Bàbá Kékeré lọ wá epo. Èmi àti Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn sí ilé. Àádùn tí Ìyá Àgbà dì fún arìnrìn-àjò ṣì wà lọ́wọ́ mi, a gbàgbé rẹ̀. A jẹ ẹ́ lọ́nà. Bàbá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tó bí ó ṣe wù mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ni òun sọ̀rọ̀: "Ká ní mo fi só kúrò nílé, Yábàá ni à bá dúró sí. Mo ń tọ́jú rẹ̀ de ìparí ni."

Lóde òní, ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ ni àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wà. Orin ń dún, fóònù ń dún, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tí a ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Ó rọrùn, n kò bú u. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè lọ́wọ́ wọn pé jíà kelòó ni a wà, wọ́n á rẹ́rìn-ín mi.

Bùọ̀dá Olú nìkan ni kò fi ọkọ̀ oníjíà sílẹ̀. Kàdúná ni ó gbé títí ó fi darúgbó. Ó ń wá fún ọdún àti ìsìnkú, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan dùùrù ìjọ wa mọ́. Nígbà tí ó wá gbẹ̀yìn, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi láti Àgùdà lọ sí ìhà Iganmu, mo sì gbọ́ ọ: bí ó bá kan mí, á yí i. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bùọ̀dá, bí Bàbá ni ẹ ṣe ń wakọ̀ yẹn."

Ó ní, "Bàbá tí kò fẹ́ kí n bá rélùwéè."

Mo wò ó lójú. Láti ọjọ́ náà wá ni ó ti gbà pé nítorí kí òun lè pẹ́ ni Bàbá ṣe rọra ń wakọ̀. Mo sọ ohun tí Bàbá wí nígbà tí a ń jẹ àádùn rẹ̀ lọ́nà ilé, bí Bàbá ṣe wí i gẹ́lẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì kan mí, kò yí i. Ó kọjá só, ó ń ké lọ sókè, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi sì wà lórí jíà láìmì. N kò sọ̀rọ̀ mọ́, nítorí inú mọ́tò ni a wà.

Kàdúná ni wọ́n sin ín sí. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún tó kọjá, ni mo rí i kẹ́yìn.