Igi Tí Àwọn Ìyá Ìbejì Tọrọ

Kò sí ẹni tó rí Àkànkẹ́ aláró kó tọrọ nǹkan rí ní Ẹdẹ. Nígbà tó bí ìbejì, wọ́n ní kó gbé wọn jó yí ọjà ká, kó tọrọ bí ìyá ìbejì ti máa ń ṣe. Ó ní òun ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ náà kò tíì rìn tí ilẹ̀ẹ́gbóná fi pa àwọn méjèèjì. Ọmọ mọ́kànlá mìíràn ló kú ládùúgbò náà lóṣù yẹn, kò sì sí ìbejì nínú wọn. Síbẹ̀, Àdùnní aláta dúró láàárín ọjà, ó ní ìgbéraga ìyá ló pa àwọn ọmọ. Àwọn tó gbọ́ ń mi orí. Àkànkẹ́ náà gbọ́.

Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ó máa ń gbé ẹ̀wà sísè lọ sí Igbó Ẹdun létí odò Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ nìkan ni ẹdun kù sí nítòsí ìlú, ẹdun ni wọ́n sì ń pe ìbejì. Á jókòó sábẹ́ igi àyìnrẹ́ kan, á máa wo àwọn ọ̀bọ dúdú-funfun náà bí wọ́n ti ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Kì í sunkún níbẹ̀. Ó kàn ń wò wọ́n ni.

Ní ọdún kejì tí ọkọ̀ ojú irin dé Ẹdẹ, ó bá àmì ẹfun lára igi náà. Igi mẹ́tàlélógójì ni wọ́n sàmì sí. Jacob, ọkùnrin Ẹ̀gbá tó ń kó igi ìdáná fún ọkọ̀ náà, fẹ́ gé wọn. Afọlábí, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, ló tà wọ́n fún un. Ẹ̀wù dàńdógó kan àti àtùpà onígíláàsì kan ló gbà.

Àkànkẹ́ lọ bá a. "Bàbá, níbo ni kí àwọn ẹdun wọ̀?"

"Igbó pọ̀," ni Afọlábí wí. Ó ń nu gíláàsì àtùpà rẹ̀.

Ó lọ bá Jacob. Àlejò gbọ́ ẹjọ́ ju onílé lọ. Jacob ri èèkàn mẹ́rin lẹ́bàá ibùdókọ̀, ó ta okùn yí wọn ká, okùn náà sì ga dé èjìká rẹ̀. "Igi ni mo fẹ́, ìyá mi. Èmi àti ẹdun ò jà. Bí ẹ bá kó igi kún dé okùn yìí kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, mo fi igbó sílẹ̀."

Àwáwù olóbì, ọ̀rẹ́ Àkànkẹ́, tó bí ìbejì, Àsáànì àti Ùsẹ́nì, ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Ta ni wọn kì í kọ̀ fún lọ́jà?" ni Àwáwù bi í.

"Ìyá ìbejì."

"O mọ̀ ọ́n. Kí ló wá kù?"

"Ìwọ ní ọmọ tí wàá gbé."

"Ìwọ náà ní. Àwọn tí o fi aṣọ wé sínú yàrá ńkọ́? Gbé wọn jáde. Kí ààfáà ilé wa má ṣáà gbọ́ pé èmi ni mo rán ọ."

Àkànkẹ́ so ère ìbejì rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà. Ìyá ìbejì méje ló jáde láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń jó, wọ́n ń tọrọ igi. Àtẹ Àdùnní ló kọ́kọ́ kan Àkànkẹ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ọwọ́ ló wá ń yún ọ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà?" ni Àdùnní wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Igi ni mo ń tọrọ."

"Kí n gbé igi fún ọ, kí n wá fi ìka dáná ọbẹ̀?"

Ọjà rẹ́rìn-ín. Àkànkẹ́ gbọn yanrìn orúnkún rẹ̀ nù, ó kọjá sí àtẹ kejì, ó tún kúnlẹ̀.

Igi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àwọn kan mú ẹyọ kan wá, àwọn kan di ẹrù. Àwọn àgbẹ̀ ọ̀nà ìlú Ara ru igi gbígbẹ láti oko, wọn kò sì béèrè omi. Àkànkẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń pè wọ́n lórúkọ. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun mọ orúkọ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó ku bí ìbú ọwọ́ kan kí igi dé okùn. Afọlábí wọ dàńdógó rẹ̀ wá wòran.

"Ó kù díẹ̀," ló wí. Inú rẹ̀ dùn.

Jacob fẹ́ máa tú okùn nígbà tí Àdùnní dé, òpó mẹ́jọ lórí rẹ̀. Ó sọ wọ́n kalẹ̀. "Àtíbàbà mi ni. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan."

Jacob tò wọ́n lé e. Òpó ìkẹyìn bo okùn náà mọ́lẹ̀. Jacob kó ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí apá Ṣẹ̀kọ̀nà, ó gé igbó tibẹ̀. Kò sí ẹni tó tọrọ igi níbẹ̀. Òjò fọ ẹfun kúrò lára àwọn igi Igbó Ẹdun.

Àdùnní wá ń ta ata nínú oòrùn. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Àkànkẹ́ gbé ọparun mẹ́rin àti aṣọ tó rẹ láró lẹ́ẹ̀mẹ́ta wá, ó ta á bò ó lórí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà kan tí kì í yà níbẹ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé, ìyá."

Lọ́jọ́ kan, Àdùnní kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Àkànkẹ́, ṣé o ti gbàgbé ohun tí mo sọ nípa àwọn ọmọ rẹ ni?"

"Rárá, ìyá," ni Àkànkẹ́ dáhùn. Ó tún etí aṣọ náà so kó le. "Ẹ ṣé."