Wọ́n Yẹ Kànga Wa Wò, Wọn Ò Padà Wá Sọ

Ìyá ọkọ mi kú ní ọjọ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Keje ọdún 1991, kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ṣì ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọbẹ̀ mi ò tíì mọ ọ̀nà ilé yìí. Kí oòrùn tó mú, ojú wọn ti jìn wọnú, wọn ò lè gbé ọrùn dúró mọ́. Onígbáméjì ni. Láàyè la gbé wọn dé ọsibítù, òkú wọn la gbé bọ̀.

Ẹ má bínú pé èmi ni mò ń kọ ọ́. Ìyàwó tuntun ni mí, ìwé mi ò pọ̀, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ dákẹ́, ìdákẹ́ wọn ló sì pa ìyá yìí.

Kànga kan ló wà láàárín àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n sìn mí wọlé. Màmá, ìyá ọkọ mi, gba igbá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ilé. "Ẹ gbé e wá jàre. Ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ wá bá mi gbé, èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́." Àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí tèmi! Ta ni ò ní sunkún?

Kò pẹ́ sígbà náà ni àwọn ará ilé iṣẹ́ kan tó ń yẹ omi àti àyíká wò dé, tàwọn ti bàtà rọ́bà àti ìgò kéékèèké. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ awò ojú, dọ̀bálẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ìjọba ló ní ká wá wo omi yín."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Hẹn-ẹn! Ìjọba mọ̀ pé a wà níbí?"

Màmá ní kí n bu ìrẹsì fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n bu omi sínú ìgò wọn. "A máa padà wá sọ ohun tá a bá rí fún yín," ni ọ̀gá náà wí.

Kí wọ́n tó wá, Màmá máa ń se omi mímu. Wọ́n á sè é, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á sínú amù. Nígbà tí wọ́n retí títí, tí ẹnikẹ́ni ò padà wá, wọ́n ní kí n yéé fi kẹrosíìnì ṣòfò.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣì máa sè é ná."

"Ìyàwó, bí dókítà bá yẹ ènìyàn wò tó rí àrùn, ṣé kì í pè é padà ni? Ọmọ tó jẹ ìrẹsì mi yẹn? Kò ní dákẹ́ kí n máa mu ohun burúkú."

Wọ́n tiẹ̀ ń fi omi wa fọ́nnu fún ọ̀rẹ́ wọn ní Olówógbowó: "Tiwa, ìjọba ti yẹ̀ ẹ́ wò. Tiyín ńkọ́?"

Màmá kì í ṣe òmùgọ̀ o. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá mọ ohun tó lè pani á wá sọ ọ́ ni. Ìgbà wo nìyẹn di ẹ̀ṣẹ̀? Èmi náà mu nínú omi yẹn, inú run mí, Ọlọ́run ló yọ mí.

Omi kànga yẹn náà la fi wẹ òkú wọn. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ṣàn. A ò mọ̀.

A ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán kí n tó rí ọkùnrin awò ojú yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n, tó wọ kóòtù àti táì, ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Fàtáì ọkọ mi ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọkùnrin náà ń sọ fún mi: omi ṣáláńgá ti wọ àwọn kànga Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ti mọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ti jíṣẹ́ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn, iṣẹ́ náà sì yọrí sí rere. Yọrí sí rere fún ta ni? Lórí àwòrán àdúgbò wa tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, ilé wa ti di àmì pupa kékeré tó ní nọ́ńbà.

Fàtáì lọ sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní: "Ọ̀gá, àwa kọ́ ló ń sọ fún ará ilé. Ẹ lọ bá ìjọba." Ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba, àwọn náà ní: "Ṣé àwa la bu omi yín ni? Ẹ lọ bá wọn." Áà! Ẹ mọ ọ̀nà ilé wa nígbà tí ẹ fẹ́ bu omi, ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ fẹ́ jẹ ìrẹsì. Ìgbà tó ku ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ọ̀nà wá dí?

Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo agboolé, lónìí mo fẹ́ pè é, kí wọ́n má baà fi nọ́ńbà sin Màmá. Àmúdàtù. Àmúdàtù ni wọ́n ń jẹ́.

Lẹ́yìn ààwẹ̀ tó ń bọ̀, àbúrò ọkọ mi, Lùkúmọ̀n, máa gbé ìyàwó wọlé, èmi ló sì kàn láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó náà. Mo ṣì gbà pé omi tó dáa á wà. Ṣùgbọ́n kó tó dọjọ́ náà, ẹ̀yin onígò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ wá. Ẹ dé gbogbo ojúlé tí ẹ ti bu omi. Ẹ jókòó síbi tí ẹ jókòó sí jẹun, kí ẹ fi Yorùbá sọ ohun tí ẹ rí. Kí ẹ sì sọ ẹni tó ní kí ẹ dákẹ́. Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ti pe èyí tí kò yẹ kí n pè.