Bàbá Tí Mo Lọ Gbé ní Misfalah

Nígbà tí bàbá mi wá ṣe Ùmúrà, ó ti pẹ́ tí a ti fojú kan ara wa. Ẹnjiníà ni mí ní Jẹ́dà. Orí fóònù la ti máa ń kí ara wa, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wo ojú òun lórí rẹ̀. Ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n ni fìlà tó máa ń gẹ̀ sí etí òsì, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, àti bó ṣe máa ń wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Àìlà, mo wakọ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ikọ̀ wọn ní Misfalah, ní Mẹ́kà, kí n lè gbé e wá jẹun nílé wa. Àwọn àgbà ọkùnrin ló kún ìsàlẹ̀ ilé náà. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn ró, gbogbo wọn ló ti fárí, kò sì sí fìlà kankan. Mo wò yí ká títí mo fi rí ẹnì kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, tó ní pélé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá." Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ṣàdúà tó gùn, mo sì dì í lọ́wọ́ mú lọ sínú ọkọ̀.

A sọ̀rọ̀ dáadáa lójú ọ̀nà. Ó béèrè ìyàwó àti ọmọ. Mo béèrè orúnkún rẹ̀, ó ní ó ti ń dín. Mo béèrè òrùlé ilé, ó ní òrùlé ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ohùn rẹ̀ ti yí díẹ̀, mo ní ogbó ni. Níbi tí a ti ra epo, ọmọ Yemen tó ń ta á wò wá, ó ní imú wa jọra jù. Inú mi dùn.

A ti ń sún mọ́ Jẹ́dà nígbà tí nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí lórí fóònù.

"Níbo lo wà? Mo ti ń retí rẹ láti àárọ̀."

Mo béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá mi ni.

"Bàbá mi ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí," ni mo wí, nítorí mo rò pé gbájúẹ̀ ni.

Ó wá fi oríkì tí àwọn òbí mi nìkan ń pè mí pè mí.

Mo ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo yíjú sí bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò kọlà rárá. Awọ tó hunjọ ni. Ojú èmi fúnra mi ló bá a kọ pélé. Ó ní Ṣakí ni gbogbo ọmọ òun wà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tẹ̀lé mi.

"O dọ̀bálẹ̀, o pè mí ní Bàbá," ó ní. "Ṣé kí n wá sọ fún ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ pé irọ́ ló pa?"

Mo yí ọkọ̀ padà. Bàbá mi dúró síwájú òtẹ́ẹ̀lì. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wo irùngbọ̀n mi, ó ní kí n dìde, kí n má bínú, ọmọ òun ni òun ń retí. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ ló tó mọ̀ mí.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dúró pọ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti jọra. Bàbá mi ga, ó tín-ín-rín. Èkejì kúrú, ó sanra. Bàtà tó tóbi jù ló sì ń mú un wọ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi ní kí èkejì bá wa lọ, oúnjẹ á tó. Mo sọ fún olórí ikọ̀ wọn, a sì jọ lọ.

Wọ́n jẹun, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń hanrun. Mo jókòó ti bàbá mi, mo fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀. Àpá kékeré kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ tí mi ò rí rí.