Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Tí Mo Kọ Ìròyìn Rẹ̀ Láìjókòó Gbọ́ Ọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ara mi lónìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ròyìn ẹlòmíràn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kankan rí. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

Ràímì ni orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni Jímọ̀, àbúrò wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Agége la ń gbé. Bọ̀dá Ràímì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń lo léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin tí wọ́n fi ń gé e. Nígbà tí SAP dé, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò wọlé láti òkè òkun mọ́, irú Bọ̀dá Ràímì ni gbogbo ilé-iṣẹ́ gbójú lé. Ohun tó bá kán lára ẹ̀rọ, àwọn ni wọ́n ń gbẹ́ òmíràn jáde láti ara irin lásán.

Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é! Wọ́n lè wo irin kan kí wọ́n ní ó fi bí ìbú irun orí kan tóbi jù. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Owó iṣẹ́ yẹn ló rán mi lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ojú yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ ìjọba ṣọ́jà, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn rán mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá Allen Avenue. Àwọn optometrist bíi mélòó kan ní agbègbè wa ló kó ara wọn jọ ṣe kọ́ọ̀sì ọjọ́ kan níbẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n: àwọn tó ń yẹ ojú wò tí wọ́n sì ń fúnni ní gíláàsì. Dókítà onígíláàsì là ń pè wọ́n ní Agége.

Ká sọ òótọ́, wọ́n nílò kọ́ọ̀sì náà. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé ìwé ìtọ́jú ojú tí òun rà kẹ́yìn, kí òun tó gbéyàwó ni, ọmọ òun àkọ́bí sì ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ta ló fẹ́ ra ìwé òkè òkun nígbà SAP?

Wọ́n fún mi ní ìwé ètò. Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ wà ní aago méjì ọ̀sán. Màmá kan, àgbà dókítà ojú láti Ìbàdàn, ni yóò kọ́ wọn bí a ṣe ń tètè dá gilókómà mọ̀.

Ẹ mọ àìsàn yìí? Kì í dunni. Omi inú ẹyin ojú ló ń mú un le, tó ń pa iṣan ẹ̀yìn ojú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín, nítorí náà ẹni tó ní in lè ka lẹ́tà kéékèèké láìmọ̀ pé òun ti ń fọ́jú. Èyí tó bá sì lọ kò ní padà mọ́. Màmá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn líle ojú wá kí kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Ọ̀gá ṣọ́jà tó yẹ kó ṣí ètò náà ní aago mẹ́sàn-án kò dé títí di ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Nígbà tó dé, ó ka ọ̀rọ̀ gígùn nípa ìbáwí àti ìfẹ́ orílẹ̀-èdè. Kò dárúkọ ojú lẹ́ẹ̀kan! Mo ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń bọ Dókítà Láńre lọ́wọ́. Dókítà Láńre yìí, ọ̀kan nínú àwọn onígíláàsì náà, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ rélùwéè Agége ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Aago kan ti kọjá, aago mẹ́ta sì ni a ń pa ojú ewé dé níbi iṣẹ́ wa. Kí ni oníròyìn máa ń ṣe níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí iṣẹ́ wa. A ó ká ìwé ètò sí àpò, a ó gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fẹ́ sọ, a ó sì máa lọ. Ohun tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣe lọ́sàn-án, a ó kọ ọ́ bí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tójú wa rí. Gbogbo wa là ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́.

Mo kọ ọ́ pé Màmá ti kọ́ wọn. Mo kọ ọ́ pé kálukú wọn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo ẹ̀rọ náà, pé láti òní lọ ará Agége kò ní í rin ọ̀nà jíjìn mọ́ nítorí gilókómà. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Màmá títí!

Bọ̀dá Ràímì gé ìròyìn náà, wọ́n fi pamọ́ sínú ìwé àdúrà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ mi. Wọ́n á mú un lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní, “Àbúrò mi nìyí o. Ẹ kà á kẹ́ ẹ gbọ́n!”

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìyá Sàfú, ìyàwó wọn, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí.

“Akọ̀wé, ẹ bá mi bá Bàbá Sàfú sọ̀rọ̀. Wọ́n ń tẹ abọ́ mọ́lẹ̀. Lánàá, wọ́n forí gbá fèrèsé tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tá a ti dé ilé yìí, wọ́n wá ń bi mí pé ta ló ṣí i.”

Nọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ti sọ fún Bọ̀dá pé kí wọ́n lọ yẹ ojú wò ní ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà ibẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fẹ́ padà. Mo ní kí Bọ̀dá ní sùúrù kí wọ́n lọ síbẹ̀. Ni Bọ̀dá bá fa ìròyìn mi yọ.

“Jímọ̀, kí ni mo fẹ́ lọ tò fún lọ́hùn-ún? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ pé wọ́n ti kọ́ wọn? Dókítà Láńre tó wà nínú fọ́tò yìí, ẹsẹ̀ ni mo máa fi rìn débẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àyè ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni: “Bọ̀dá, mi ò dúró gbọ́ ọ.” Kí ló ní kí n má sọ ọ́? Ìtìjú. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń fi ìwé mi yangàn mọ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá. Ẹ lọ bá a.”

Mo sìn wọ́n lọ. Sátífíkéètì kọ́ọ̀sì náà wà nínú férémù lára ògiri Dókítà Láńre. Ẹ gbọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìròyìn mi, òun náà nínú férémù! Dókítà ní kí Bọ̀dá ka lẹ́tà ara ògiri, Bọ̀dá kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ojú wọn mú ju tòun lọ, àgbà ló ń dé. Ó fún wọn ní gíláàsì. Kò wọn líle ojú wọn. Kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi ń lọ. Ìgbà mẹ́rin ló pààrọ̀ gíláàsì yẹn.

Lọ́jọ́ kan ní ilé-iṣẹ́, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù tó kún fún irin bọ̀ láti apá òsì Bọ̀dá. Gbogbo ènìyàn ń pariwo pé kí wọ́n yà. Bọ̀dá gbọ́ ariwo, wọ́n sì dúró, wọ́n ń wá ohun tí àwọn ènìyàn ń pariwo lé lórí. Irin gbá wọn ní itan, wọ́n ṣubú. Ẹni tó ti kẹ̀kẹ́ náà sọ fún mi lójú ẹkún pé, “Ojú mi ni wọ́n ń wò o! Ojú mi ni wọ́n ń wò, wọn ò sì rí mi!”

Nígbà tí ẹsẹ̀ san, mo mú wọn lọ sí Ìbàdàn. Màmá inú ìwé ètò náà ló yẹ̀ wọ́n wò. Màmá wo ẹ̀yìn ojú Bọ̀dá pẹ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ojú òsì ti lọ, ọ̀tún sì ku bí ẹni ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wòran. Wọ́n bi Bọ̀dá pé ta ló ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ yìí.

Bọ̀dá ní, “Ẹni tẹ́ ẹ kọ́ ni, Mà. Ó wà ní kọ́ọ̀sì yín ní Ìkẹjà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.”

Màmá rẹ́rìn-ín kan tí kò dénú.

“Èyí tí iná lọ? Ọ̀gá ṣọ́jà jẹ gbogbo àárọ̀ tán, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ òtẹ́ẹ̀lì kò ní dísù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi àwòrán hàn wọ́n nínú òkùnkùn? Wọ́n ní epo wọ́n nílùú, ọ̀nà jìn, kí a kúkú pín sátífíkéètì. Wọ́n pín in! Ẹ̀rọ mi kò jáde nínú àpótí. Ọjọ́ kejì ni mo kà á pé mo kọ́ wọn, pé wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ní, ṣé ọjọ́ ogbó ti ń jẹ́ kí n gbàgbé ohun tí mo ṣe ni?”

Bọ̀dá Ràímì yí orí láti wò mí. Apá tí mi ò sí ni wọ́n yí i sí. Wọn ò sọ fún Màmá pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo fi ìbínú lọ bá Dókítà Láńre. Mo ní ó ti fọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú. Ó jẹ́ kí n pariwo tán, ó wá dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́.

“Ọ̀gbẹ́ni oníròyìn, mo jẹ̀bi. Ó yẹ kí n rán wọn lọ sí ilé ìwòsàn, mi ò rán wọn. Ṣùgbọ́n èmi jókòó sínú òkùnkùn yẹn títí di aago márùn-ún, mo ń retí iná. Ẹ̀yin ńkọ́? Wọn ò tí ì gbé oúnjẹ dé tẹ́ ẹ fi lọ. Ìgbà tí ẹ wá kọ ọ́ pé mo ti mọ̀ ọ́n, àwọn ènìyàn gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà wá ń gbà bẹ́ẹ̀.”

Mo jáde. Mo fi férémù méjèèjì sílẹ̀ lára ògiri.

Ilé-iṣẹ́ ní kí Bọ̀dá máa lọ sinmi. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí ojú ọ̀tún náà fi lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ ka ìwé ìròyìn fún wọn ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Wọn kì í bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló le jù! Ṣùgbọ́n bí mo bá ka ìròyìn kan tán, ti ìjọba ni o, ti eré bọ́ọ̀lù ni o, wọ́n á gbé ojú tí kò ríran mọ́ sókè, wọ́n á ní, “Jímọ̀, ẹni tó kọ ọ́ yìí, ṣé ó wà níbẹ̀?”

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún yín ni pé kí ẹ má gbára lé ìwé ara ògiri dókítà. Ẹ bi í pé ṣé ó lè wọn líle ojú yín, pé kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn yín, pàápàá bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún. Bí kò bá ní in, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ní in, bó ti wù kó jìn tó.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, yálà ẹ̀yin lẹ gba sátífíkéètì ohun tí wọn ò kọ́ yín, tàbí ẹ̀yin lẹ gbà á gbọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ibí yìí. Mo máa ka gbogbo rẹ̀ sétí Bọ̀dá lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi mí nípa yín.